Ẹ Jẹ́ Kí Ìsinmi Ní Ojú Ewé Tirẹ̀

Ní Òde Ugbò, ìlú Ọlúgbò, létí òkun Ìlàjẹ, iṣẹ́ kì í tán nílẹ̀. Àwọ̀n tó ya ń retí ẹni tí yóò tún un ṣe. Ẹja tó gúnlẹ̀ nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ kò ní í dúró di Mọ́ńdè kí wọ́n tó gbé e ka iná. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń fẹ́ àtúnṣe, ìsìnkú wà nílé àna, ìpàdé ẹgbẹ́ wà lọ́sàn-án Sátidé, ìsìn sì wà láàárọ̀ Sọ́ńdè. Olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ti lo ọjọ́ márùn-ún ní Igbókòdá, tó wọkọ̀ wálé lọ́jọ́ Jímọ̀, kì í tíì bọ́ bàtà tán tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ń dúró dè é fún un. Nígbà tí ilẹ̀ Sọ́ńdè bá fi ṣú, ó ti rẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe rẹ̀ ẹ́ ní Jímọ̀ lọ.

Ohun tó fà á hàn gbangba: gbogbo nǹkan yòókù ló ní àkókò, ìsinmi nìkan ni kò ní. Ìsìnkú ní ọjọ́. Ìpàdé àti ìsìn ní agogo. Àwọn oníbàárà tó ń ra ẹja ti sọ ìgbà tí wọ́n ń bọ̀. Ìsinmi ló máa ń jókòó sẹ́yìn tí yóò máa retí ohun tó bá ṣẹ́ kù, ohun tó sì máa ń ṣẹ́ kù kì í tó nǹkan. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé ọ̀nà kan tí kò ná ènìyàn ju owó ìwé kan àti bíró kan lọ, tí a lè fi bu àkókò fún ìsinmi kí àwọn yòókù tó pín in tán. Bullet Journal ni àwọn tó gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ń pè é. Nínú àròkọ yìí, ìwé alámì ni màá máa pè é.

Àwọn tó ti ń ya ọjọ́ sọ́tọ̀

Kí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje tó gbilẹ̀ láàárín wa nípasẹ̀ ẹ̀sìn Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì, ọjọ́ mẹ́rin ni Yorùbá fi ń ka ọ̀sẹ̀: ọjọ́ Ọ̀ṣẹ̀ tí í ṣe ti Ọbàtálá, ọjọ́ Awo tí í ṣe ti Ọ̀rúnmìlà, ọjọ́ Ògún, àti ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó. Ẹni tó ń sin òrìṣà kan mọ ọjọ́ tí òun gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ fún un, kò sì sẹ́ni tó ń bá a jiyàn lórí rẹ̀. Ọjà pẹ̀lú ní ọjọ́ tirẹ̀, ọrọọrún ni wọ́n ń ná an. Àwọn àgbà sì máa ń sọ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Wọ́n mọ̀ pé ó yẹ kí ènìyàn máa dúró lóòrèkóòrè, kó yẹ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wò, kó tó tún gbé ẹsẹ̀ síwájú.

Àwọn apẹja bíi ti Ìlàjẹ wà ní etí òkun Ghana tí wọ́n ṣì mú irú àṣà bẹ́ẹ̀ dání títí dòní. Láàárín àwọn Fante àti àwọn Ga, ẹnikẹ́ni kì í ju àwọ̀n sókun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òkun ń sinmi lọ́jọ́ náà, àwọn apẹja náà sì ń ráyè tún àwọ̀n ṣe, kí wọ́n parí aáwọ̀, kí wọ́n sì gbọ́ ti ìdílé wọn. Ní 2019, ìjọba Ghana tún sọ ọ́ di òfin pé kí àwọn ọkọ̀ apẹja etíkun dá iṣẹ́ dúró fún oṣù kan, kí ẹja lè ráyè pọ̀ sí i. Wọ́n mọ̀ pé ibi tí a kò bá jẹ́ kó sinmi, kò ní í pẹ́ tí yóò fi ṣófo.

Ní ti àwọn tó ń gba owó oṣù, òfin ti bá wọn dá sí i. Àdéhùn tí Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ṣe ní 1921 ní kí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ máa rí wákàtí 24 tó tẹ̀lé ara wọn fi sinmi láàárín ọjọ́ méje. Ní 1926, Henry Ford dín iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kù sí ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà náà fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ kan ìsinmi nínú méje. Ṣùgbọ́n apẹja tó ni ọkọ̀ rẹ̀, ìyá tó ni ààrò tó fi ń yan ẹja, ẹni tó ń hun ẹní tà, kò sí ọ̀gá tí òfin yóò mú nítorí tiwọn. Àwọn fúnra wọn ni ọ̀gá, àwọn náà ni ọmọ iṣẹ́. Bí wọn kò bá fún ara wọn ní ìsinmi, kò sẹ́lòmíràn tí yóò fún wọn. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù ní Òde Ugbò àti ní gbogbo etíkun Ìlàjẹ, àwọn gan-an ni ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí sì wúlò fún jù lọ.

Ìwé náà àti àwọn àmì rẹ̀

Ryder Carroll, oníṣẹ́ ọnà orí kọ̀ǹpútà kan tó ń gbé ní Brooklyn, ní New York, ló gbé ìwé alámì kalẹ̀. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni àwọn dókítà ti sọ pé ó ní àìlera tí kì í jẹ́ kí ọkàn ènìyàn dúró sójú kan. Ó ń dán oríṣiríṣi ọ̀nà àkọsílẹ̀ wò fún ìlò ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ó fi rí èyí tó bá a lára mu. Ní 2013, ó fi han gbogbo ayé. Ní 2018, ó kọ odidi ìwé lé e lórí. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ rọrùn: má ṣe kọ ìtàn gígùn, kọ gbólóhùn kúkúrú, kí o sì fi àmì kan síwájú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ojú lè mọ irú ohun tó jẹ́ kó tó kà á tán. Àwọn àmì náà nìyí:

• iṣẹ́ tó yẹ ní ṣíṣe
× iṣẹ́ tó ti parí
> iṣẹ́ tí kò tíì parí, tí a sún síwájú
< iṣẹ́ tí a gbé lọ sí oṣù mìíràn
○ ohun tó ní ọjọ́ àti agogo, bí ìpàdé tàbí ìsìnkú
– ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́ gbàgbé

Ìyá tó bá ti dá àjọ rí kò ní í rí èyí bí àjèjì. Káàdì alájọ kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lára; ìlà àti àmì ló kún inú rẹ̀. Síbẹ̀, bí oṣù bá parí, tí alájọ àti ẹni tó dá àjọ jọ wò ó, kò sí àríyànjiyàn láàárín wọn. Bí káàdì yẹn ṣe ń ṣọ́ owó kí ọwọ́ mìíràn má baà kàn án ni ìwé alámì ṣe ń ṣọ́ ọjọ́.

Kíkọ ọjọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ti pẹ́ lọ́wọ́ Yorùbá. Samuel Ajayi Crowther kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lójoojúmọ́ nínú ìrìn àjò orí odò Ọya ní 1841, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní Ìbàdàn, Akinpẹlu Ọbisẹsan, tó jẹ́ gbajúmọ̀ nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó, kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, àwọn ìwé náà sì wà ní Kenneth Dike Library, ní Yunifásítì Ìbàdàn, títí dòní. Àwọn wọ̀nyí kọ ohun tó ti kọjá. Ìwé alámì fi ohun tó ń bọ̀ kún un, ibẹ̀ sì ni ìsinmi ti lè rí àyè.

Bí a ṣe ń ṣètò ìwé náà

Ẹ kò nílò ìwé olówó ńlá. Ìwé tí ewé rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta, irú èyí táwọn ọmọ iléèwé ń lò, ti tó fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó ń wọkọ̀ ojú omi ní láti ṣọ́ra lórí ohun méjì. Èkíní, kí ó fi ìwé náà sínú ọ̀rá tó nípọn, kó sì so ẹnu rẹ̀, nítorí omi tó ń ta sínú ọkọ̀. Èkejì, kó yẹra fún bíró olómi. Òróró wà nínú yíǹkì bíró lásán, omi kì í tètè fọ̀ ọ́. Pẹ́ńsùlù ni omi kò lè tú rárá. Ìwé dára ju fóònù lọ fún iṣẹ́ yìí ní etíkun wa. Kò bèèrè iná mànàmáná, tí gbogbo wa mọ bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó lọ́dọ̀ wa. Ó sì tún ní àǹfààní mìíràn: ẹni tó ṣí fóònù láti wo ètò ọjọ́ rẹ̀ yóò bá iṣẹ́ tuntun mẹ́ta lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣí ìwé rẹ̀ yóò bá kìkì ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ.

Ẹ kọ nọ́ńbà sí gbogbo ojú ewé. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni ti atọ́ka: ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa kọ ohun tó wà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má baà máa ṣí gbogbo ìwé wá nǹkan kan. Ojú ewé méjì tó tẹ̀ lé e ni ti oṣù mẹ́fà tó ń bọ̀. Ẹ fi ìlà pín in sí mẹ́fà. Ìgbéyàwó tí wọ́n ti dá ọjọ́ fún, àjọ̀dún ìjọ, ìdánwò àwọn ọmọ, owó ẹgbẹ́ tí yóò pé, ibẹ̀ ni kí wọ́n wà.

Lẹ́yìn èyí ni ojú ewé oṣù. Ẹ kọ ọjọ́ oṣù náà láti 1 dé òpin sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọjọ́ kan lórí ìlà kan. Ẹ fi àmì sí gbogbo Sátidé àti Sọ́ńdè kí wọ́n lè hàn. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù ni wọ́n fi ń ṣe ìmọ́tótó àyíká, àṣà kan tó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìjọba ológun 1984 sí 1985. Níbi tí wọ́n bá ṣì ti ń ṣe é, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó má baà bá yín lójijì.

Ẹni tó ń gbé etíkun ní ohun kan láti fi kún ojú ewé oṣù tí ìwé ará Brooklyn kò ní: ọ̀rọ̀ omi. Lọ́dọ̀ wa, omi òkun máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì máa ń fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan. Lójoojúmọ́, àkókò náà máa ń sún síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Bí omi bá kún tán ní agogo mẹ́fà àárọ̀ Jímọ̀, á jẹ́ pé láàárọ̀ Sátidé, yóò kún ní nǹkan bí agogo méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní Sọ́ńdè, ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú. Omi a sì máa kún jù lọ láyìíká ìgbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti ìgbà tó bá di àrànmọ́jú. Àwọn apẹja mọ èyí lórí. Ṣùgbọ́n tí a bá kọ ọ́ síwájú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, gbogbo ilé ni yóò mọ òpin ọ̀sẹ̀ tí omi yóò fẹ́ kí wọ́n gbé ẹrù sókè, àti èyí tí ọkọ̀ lè rìn pẹ̀lú ìrọ̀rùn lọ kí ẹbí. Òpin ọ̀sẹ̀ tí omi bá kún jù, ẹ má ṣe pe àlejò sí i.

Ojú ewé méjì fún òpin ọ̀sẹ̀

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà la dé yìí. Fún òpin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí ojú ewé méjì tó kọjú síra wọn. Ti apá òsì ni ti iṣẹ́, ti apá ọ̀tún ni ti ìsinmi. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe pàtàkì níbẹ̀: apá ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Bí ẹ bá kọ iṣẹ́ ṣáájú, ìlà yóò kún, ọkàn yín yóò sì sọ fún yín pé kò sí àyè mọ́. Bí ẹ bá kọ ìsinmi ṣáájú, iṣẹ́ ni yóò máa wá àyè tirẹ̀ ká.

Àmì tí ẹ ó fi síwájú ìsinmi ni ○, àmì ohun tó ní ọjọ́ àti agogo. Ẹ má ṣe fi • sí i. Iṣẹ́ tí a kò ṣe máa ń di gbèsè, a ó máa sún un kiri láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, yóò sì máa wúwo sí i. Ohun tó ní agogo kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí agogo bá lù, ènìyàn á dìde lọ síbẹ̀; bó bá kọjá, ó kọjá nìyẹn, òmíràn ń bọ̀. Ìsinmi jẹ́ àdéhùn tí ènìyàn bá ara rẹ̀ ṣe, ó yẹ kó ní agogo àti ibi tí a ti ń ṣe é. Nítorí náà, ẹ má kọ “sinmi” lásán. Ẹ kọ ọ́ báyìí: ○ Sátidé, agogo 2 sí 4, oorun, fóònù wà nínú àpótí. ○ Sọ́ńdè, agogo 5 ìrọ̀lẹ́, èmi àti àwọn ọmọ létí omi.

Kí ni ènìyàn lè kọ síbẹ̀? Ní 2007, Sabine Sonnentag, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá láti Jámánì, àti Charlotte Fritz tẹ ìwádìí kan jáde nípa ohun tó ń mú agbára òṣìṣẹ́ padà bọ̀ sípò lẹ́yìn iṣẹ́. Ohun mẹ́rin ni wọ́n tò sílẹ̀: kí ọkàn kúrò lórí iṣẹ́ pátápátá, kí ara rọlẹ̀, kí ènìyàn máa kọ́ ohun kan tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí kì í sì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kó sì ní àṣẹ lórí bí òun ṣe ń lo àkókò òun. Ẹ fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹ apá ọ̀tún wò. Bí ẹ bá sùn ní wákàtí méjì ṣùgbọ́n tí ọkàn yín wà lórí owó ẹja, ara nìkan ló sinmi. Bí ọkùnrin kan bá jókòó ti àwọ̀n rẹ̀ lábẹ́ igi ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí kò sẹ́ni tó ń kánjú rẹ̀, tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ta kókó rẹ̀, apá ọ̀tún ni iṣẹ́ yẹn wà. Àwọ̀n kan náà, tó bá jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ parí kí ọkọ̀ tó ṣí ní òru, apá òsì ni ti ẹ̀.

Ẹ kọjá sí apá òsì wàyí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ ibẹ̀ ju márùn-ún lọ. Síwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé dandan ni ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí? Ṣé èmi náà ni mo gbọ́dọ̀ ṣe é? Bí mi ò bá ṣe é rárá, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Èyí tí kò bá di dandan, ẹ fi < sí i, kó lọ sí oṣù tó bá a mu. Èyí tí ẹlòmíràn lè ṣe, ẹ kọ orúkọ onítọ̀hún sí i. Èyí tí kò ní í yọrí sí nǹkan kan bí a kò bá ṣe é, ẹ fa ìlà sí i, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ká mú ìyá kan tó ń yan ẹja ní Òde Ugbò. Ẹja kò mọ Sátidé, nítorí náà kò lè sọ pé òun kò ní í ṣiṣẹ́. Ojú ewé rẹ̀ lè rí báyìí. Ní apá ọ̀tún: ○ Sátidé, agogo 1 sí 3, oorun nílé àǹtí mi, èéfín kì í dé ibẹ̀. ○ Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn, mo jókòó, mi ò gba oníbàárà. Ní apá òsì: • Sátidé, agogo 6, kí n dáná sí ààrò. • Agogo 1, ọmọ mi obìnrin yóò yí ẹja. • Kí n kí àwọn olókùú ní àárọ̀ kí èrò tó pọ̀. – Iyọ̀ ti tán. Kò sí ohun tó yí padà nínú iye ẹja tó wà lórí ààrò. Ohun tó yí padà ni pé wákàtí méjì wà tí ìyá náà kò fi fa èéfín sínú, tí ọmọ rẹ̀ sì mọ̀ pé òun ni yóò yí ẹja ní àkókò náà. Èéfín igi máa ń ṣèpalára fún ojú àti ẹ̀dọ̀fóró. Fún ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́, ìsinmi tó jìnnà sí ààrò jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera.

Alẹ́ Jímọ̀ àti alẹ́ Sọ́ńdè

Ìgbà méjì ni ìwé yìí ń gba àkókò lọ́wọ́ ènìyàn. Àkọ́kọ́ ni alẹ́ Jímọ̀. Ẹ jókòó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ tí ọ̀sẹ̀ náà kò parí, ẹ má fi ọ̀kan pamọ́ sínú orí. Ẹ fi > tàbí < sí wọn, kí kálukú mọ ibi tó ń lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ojú ewé méjì tuntun, kí ẹ kọ ìsinmi, kí ẹ tó kọ iṣẹ́.

Ìdí wà tí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí fi ń ṣiṣẹ́. Ní 1927, Bluma Zeigarnik tẹ ìwádìí kan jáde ní Jámánì tó fi hàn pé iṣẹ́ tí ènìyàn dá dúró láàárín máa ń wà lọ́kàn rẹ̀ ju èyí tó parí lọ. Ìyẹn lè wà lára ohun tó fà á tí ẹni tó dùbúlẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé fi ń rántí epo ẹ́ńjìnnì tí kò tíì rà. Ní Yunifásítì Baylor, ní Texas, Michael Scullin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ènìyàn 57 kọ nǹkan sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó sùn. Àwọn kan kọ iṣẹ́ tí wọ́n ní láti ṣe ní ọjọ́ mélòó kan tó ń bọ̀. Àwọn yòókù kọ ohun tí wọ́n ti parí. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 fi hàn pé àwọn tó kọ iṣẹ́ iwájú tètè sùn ju àwọn yòókù lọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Bí onítọ̀hún bá sì ṣe kọ ọ́ ní kíkún tó ni oorun ṣe ń yá a tó. Ọkàn tó bá mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣọ́ ti wà nínú ìwé lè dẹ́kun ṣíṣọ́ rẹ̀.

Ìgbà kejì ni alẹ́ Sọ́ńdè, ìyẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ẹ fi × sí iṣẹ́ tó parí. Èyí tí kò parí, ẹ má kàn tún un kọ sí ọ̀sẹ̀ tuntun láìrò ó. Carroll fẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ ni a ó fi tún iṣẹ́ kọ, nítorí bí ohun kan kò bá tó ohun tí a lè fi ìṣẹ́jú kan tún kọ, ó ṣeé ṣe kó má tó ohun tí a ó fi wákàtí kan ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ fi – kọ gbólóhùn kan nípa ìsinmi náà: ibi tó ti dùn mọ́ yín, tàbí ohun tó gbà á lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ẹ padà ka àwọn gbólóhùn yìí. Bó bá jẹ́ pé ìpàdé ẹgbẹ́ kan náà ló ń jẹ oorun ọ̀sán Sátidé yín nígbà gbogbo, ìwé náà yóò ti sọ ọ́ fún yín, ẹ ó sì mọ ohun tó yẹ kí ẹ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín sọ.

Ohun tó lè ba á jẹ́

Ohun àkọ́kọ́ ni ọ̀ṣọ́. Àwọn kan máa ń fi àwọ̀ mẹ́fà àti rúlà ṣe ojú ewé lọ́ṣọ̀ọ́ títí wákàtí méjì yóò fi lọ. Bó bá jẹ́ pé yíyàwòrán ló ń tù yín lára, kò burú, ẹ kọ ọ́ sí apá ọ̀tún. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmì mẹ́fà yẹn ti tó.

Èkejì ni ìtìjú. Ní àárín wa, ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ sinmi lè dà bí ọ̀lẹ, àgbà sì lè ránni níṣẹ́ nígbàkúgbà. Ìwé kò lè gbẹnu sọ fún yín, ṣùgbọ́n ó fún yín ní ohun tí ẹ ó sọ. Ẹni tó ní agogo lè dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ má bínú, mà, mo ti ní ohun kan ní agogo méjì, màá yọjú sí yín ní agogo mẹ́rin.” Àgbà yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ní agogo. Ó sì dára kí ọkọ àti aya jọ kọ ojú ewé wọn, nítorí ní ọ̀pọ̀ ilé, ìsinmi ọkọ ni iṣẹ́ aya. Bí baba bá kọ oorun ọ̀sán, kí wọ́n wo ìgbà tí ìyá yóò sùn, kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ẹni tí yóò tọ́jú àwọn ọmọ.

Ẹ̀kẹta ni èrò pé ọ̀mọ̀wé nìkan ló wà fún. Àwọn baba ńlá wa fi owó ẹyọ, ìyẹ́ àti okùn ṣe àrokò tó rin ọ̀nà jíjìn, ẹni tó gbà á sì mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ìyá tí kò lọ sí iléèwé lè ya àwòrán ẹní síwájú Sátidé àti àwòrán ẹja sí ibi iṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ lè bá a kọ agogo sí i. Òbí àti ọmọ yóò sì ti fi bẹ́ẹ̀ jọ jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé kò ṣe mọ́.

Èyí tó kẹ́yìn ni àṣejù nínú ìrètí. Ìwé kò lè dá ìsìnkú dúró, kò lè fa omi òkun sẹ́yìn, kò sì lè sọ owó ẹja di ọ̀wọ́n. Àwọn òpin ọ̀sẹ̀ kan yóò wà tí gbogbo ohun tí ẹ kọ sí apá ọ̀tún yóò bọ́. Nígbà náà, ẹ ṣí ojú ewé tuntun ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ babaláwo nìyẹn láti ìpilẹ̀: bí ọrún bá pé, á tún gbé ọpọ́n rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará Òde Ugbò, ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ nílé àti lẹ́yìn odi, àti gbogbo ẹ̀yin tí òpin ọ̀sẹ̀ ń kọjá lórí yín láìsinmi, mo bẹ̀ yín, ẹ dán èyí wò. Ẹ ra ìwé kan lọ́sẹ̀ yìí. Bí ó bá di alẹ́ Jímọ̀, ẹ kọ wákàtí méjì tí ẹ ó fi sinmi, ẹ kọ ibi tí ẹ ó ti sinmi, kí ẹ sì sọ ọ́ fún àwọn ará ilé yín. Iṣẹ́ yín yóò ṣì wà níbẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ó tọ́ kí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe é náà ní okun láti ṣe é.